Wolé-wolé Tó Ní Kò Sí Àìsàn

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ wolé-wolé fún ìjọba ní ìlú kan létí odò. Láníyonu, ìwọ lò ń lọ jókòó lọ́la pẹ̀lú àwọn ará orílẹ̀-èdè kejì nítorí àìsàn tó ń rìn káàkiri ẹnu ààlà, o sì ní kí n fún ọ ní ìmọ̀ràn kí o tó lọ. Èmi ò ní ìmọ̀ràn gígùn. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni mo ní. Fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, jọ̀ọ́, kò ní sá lọ.

Odò tí mo ń wí yìí kò fẹ̀. Bí èèyàn bá pariwo lápá ìhín, wọ́n á dáhùn lápá ọ̀hún. Síbẹ̀, ìjọba méjì ló ni ín. Ní apá ìhín, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìjọba. Ní apá ọ̀hún, Faransé ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ìlú méjèèjì, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn sìnkú, omi kan náà ni gbogbo wọn sì ń pọn. Àwọn aláṣẹ ló fa ìlà sáàárín omi. Ẹja kankan ò rí ìlà náà rí.

Wolé-wolé yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí àgbàlá tí kò lè wọ̀. Bó bá rí tanwíjí nínú àmù rẹ, yóò da omi náà nù lójú rẹ, yóò sì dúró tì ọ́ títí wàá fi fọ àmù náà. Àwọn obìnrin ìlú ń bú u lẹ́yìn, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i lójú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ga, kò sanra, kì í sì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró, ló ń bá a gbé ilé. Àwẹ̀ró nìkan ló lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò ní bínú. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé ọ̀run, ẹ ò ní jókòó, àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ àmù àwọn áńgẹ́lì wò." Á wá máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ irùngbọ̀n. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ yìí ju ara rẹ̀ lọ. Òun nìkan náà ni kì í fura sí láyé.

Torí ọkùnrin náà lè fura! Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ bóyá ẹnìkan ló rán ọ. Àwọn ará òdìkejì odò ló sì ń fura sí jù. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ní ìdí. Ní ìgbà èwe rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá láti apá ọ̀hún, wọ́n ní àwọn fẹ́ ka ilé. Wọ́n kí tọmọdé tàgbà, wọ́n jẹ iyán, wọ́n ka ilé tán, wọ́n dágbére. Kò pé ọdún kan, òpó ààlà tó wà lẹ́yìn oko bàbá rẹ̀, níbi tí ààlà ti kúrò lójú omi tó gba orí ilẹ̀, ti kúrò lẹ́yìn oko, ó ti bọ́ síwájú. Bàbá náà kú láìtún fi ọkọ́ kan ilẹ̀ yẹn. Ẹni tí ojú ẹ̀ rí irú ìyẹn, bí ara bá ń fu ú, èmi ò lè dá a lẹ́bi tán.

Nígbà tó yá, ìjọba méjèèjì jókòó nílùú ńlá, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí ètò ìlera. Àwọn mínísítà bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú ẹnu ààlà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò le. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àìsàn tó ń ràn, kí ó sọ fún ìkejì rẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ní oògùn, kí ó pín fún ìkejì rẹ̀. Wolé-wolé ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé e sókè sójú oòrùn, bóyá wọ́n fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀. Ó ń sọ lọ́kàn pé, "Kí ni wọ́n ń wá gan-an?" Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló wá bà á lẹ́rù.

Òjò ọdún yẹn tètè dé. Ní àdúgbò èbúté, apẹja kan bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń yàgbẹ́ tó funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ọjọ́ kejì ló kú. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e lọ́jọ́ kẹta. Wolé-wolé wọ ilé náà, ó wo ilẹ̀, ó gbóòórùn, ó sì mọ̀. Àrùn onígbáméjì ni. Ó ti bá a pàdé nígbà méjì rí lẹ́nu iṣẹ́, kò lè ṣì í mọ̀.

Ó da oògùn apakòkòrò sí gbogbo ilé náà. Ó padà sí ọ́fíìsì, ó mú bírò, ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí òdìkejì odò gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìwé. Ọjà ìtàdógún ku ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá kọ̀wé, wọ́n á ti èbúté, ọjà á dàrú. Wọ́n á ní ìlú òun lẹ́gbin. Ta ló tún mọ̀, wọ́n lè ní àwọn ará ìhín ò lè tọ́jú etí odò, kí wọ́n gbé òpó ààlà wá síwájú sí i. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé, "Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tiwọn ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣé wọ́n á sọ fún mi? Wọn ò jẹ́ sọ."

Gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkàn ara rẹ̀ ló wò, ohun tó rí níbẹ̀ ló sì gbé wọ aládùúgbò rẹ̀.

Ó kọ "inú rírun" sínú ìwé ìròyìn, ó pa á dé. Ó kìlọ̀ fún àwọn tó kù nílé apẹja pé wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó délé, ó ní kí Àwẹ̀ró máa se omi kó tó mu ún. Àwẹ̀ró wò ó lójú.

"Ṣé kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Sá máa se omi."

"Ìyá tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté ńkọ́? Àwọn náà ń se omi?"

"Àwẹ̀ró, mo ní kí o se omi."

Kò tún bi í mọ́. Ó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ ọpọ́n kan gúnlẹ̀ sí èbúté ní ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ará òdìkejì, òun ni ìjọba tiwọn fi ṣe olórí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lápá ọ̀hún. Ó gbé àpótí funfun kan sáàárín ẹsẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀ nítorí yìnyín tó wà nínú rẹ̀. Wolé-wolé ti ń wò ó látòkèèrè. Ó ti ṣàkíyèsí pé ọ̀sán gangan ló dé, nígbà tí Baálẹ̀ máa ń sùn. Kí ló fà á? Ó ti ṣàkíyèsí pé atukọ̀ rẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni. Kí ni ìyẹn náà ń fi pamọ́? Ẹ gbà mí o. Ẹni tó ti ń fi àjẹ̀ wa èrò sọdá láti àárọ̀ nínú oòrùn, kí lo tún fẹ́ kó wí?

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àrùn onígbáméjì ti wọ ìlú wa. Èèyàn mọ́kànlá ló ti dùbúlẹ̀, ẹnìkan ti kú. Mo ní kí n wá sọ fún yín fúnra mi. Mo sì mú àjẹsára rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ń gbé mu. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ìlú yìí?"

Wolé-wolé sún sẹ́yìn. Ó tún ti dé. Wọ́n tún fẹ́ ka èèyàn. Oko bàbá rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn.

"Kí lo fẹ́ fi iye wa ṣe?"

"Kí n lè mọ̀ bóyá oògùn yìí á kárí ni, ẹ̀gbọ́n."

"Á kárí."

Nọ́ọ̀sì dìde nílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni ti ní irú àìsàn yìí níhìn-ín? Ẹni tó ń bì, tó tún ń yàgbẹ́ gbuuru?"

"Kò sí o. Ara wa le koko."

Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, geere, bí ẹni tó ti há a sórí. Bó sì ṣe sọ ọ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ obìnrin náà wò. Ta ló máa ń tú àṣírí ilé ara rẹ̀ fún ará ìta báyìí? Mọ́kànlá tó pè yẹn, ó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ìkankan, kó kàn fẹ́ gbọ́ tẹnu òun. Láníyonu, irọ́ ò tíì tutù lẹ́nu ọkùnrin yìí tó fi ń wá irọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Wọ́n jí Baálẹ̀, àwọn àgbà péjọ sábẹ́ igi lójúde rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣí àpótí, ó fi àwọn ìgò kéékèèké inú rẹ̀ hàn wọ́n, ó ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ wọ́n létí. Baálẹ̀ tilẹ̀ ti ń béèrè ẹni tí yóò lọ kéde. Ìgbà náà ni wolé-wolé dìde.

Ó ní, "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Nílé wa níbí, ẹni tó bá gbé ohun mímu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo èèyàn. Ẹmu ni o, omi ni o. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tọ́ tirẹ̀ wò."

Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Àṣà wọn ni, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà mọ àṣà yìí, torí bákan náà ni wọ́n ń ṣe lápá ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ó mi orí.

Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi. Mo ti mu tèmi lọ́jọ́ kẹjọ sẹ́yìn. Ìgò kan, èèyàn kan ni. Irinwó ìgò ló wà nínú àpótí yìí, inú èyí tí wọ́n fún ìlú tiwa ni mo sì ti yọ ọ́. Bí mo bá ṣí ọ̀kan mu báyìí, kò ní ṣe èmi lóore kankan, ẹnìkan nínú yín ò sì ní rí mu."

"Ẹ̀kán kan báyìí náà ńkọ́?" Àgbà kan ló bi í bẹ́ẹ̀. "Kí o kàn fi kan ahọ́n."

"Tí mo bá ti ṣí i, bàbá, ó ti tán. Ẹ̀mí èèyàn kan ni."

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan ní, "Kò lè mu ún! Ẹ ò rí i ni?" Ìyá arúgbó kan káwọ́ lé orí, ó ní májèlé ni wọ́n fẹ́ fún àwọn. Wolé-wolé ká ọwọ́ mọ́ àyà, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibi tó ti ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ọkùnrin yẹn mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ wolé-wolé pé ìgò kan, èèyàn kan ni, ó sì mọ̀ pé ìdáhùn tí nọ́ọ̀sì fún wọn ni ìdáhùn tí òun náà ì bá fún wọn. Ì bá dìde, kó ní, "Baálẹ̀, òótọ́ ló sọ," gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Kò dìde. Ara rẹ̀ balẹ̀, àní inú rẹ̀ dùn, torí láti ìgbà tó ti purọ́ fún obìnrin náà ló ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ kan tí yóò kà sí i lọ́rùn. Ó ti rí i.

Baálẹ̀ ní kí àpótí náà wà lọ́dọ̀ wolé-wolé, kí wọ́n kọ̀wé sí ìlú ńlá pé kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì ní yìnyín inú rẹ̀ kò lè ju ọjọ́ méjì lọ, bó bá gbóná, ó bàjẹ́ nìyẹn. Wolé-wolé ní wọ́n ti gbọ́. Ó gbé àpótí wọ yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ó sin nọ́ọ̀sì dé èbúté, kì í ṣe nítorí ìwà pẹ̀lẹ́, ó fẹ́ rí i dájú pé ó lọ ni. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún bi yín. Yàtọ̀ sí tiwa, mo ní ogójì àpò omi tí à ń fà síni lára, èyí tó ń gba ẹni tó ti gbẹ tán là. Abúlé kan wà lókè odò tí wọ́n ń bẹ̀ mí fún un. Tẹ́ ẹ bá ní aláìsàn níhìn-ín, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ mi jù, màá kó ogún wá fún yín lọ́la. Bí kò bá sí, màá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sókè. Ṣé ó dá yín lójú pé kò sí?"

Wolé-wolé yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo omi. Ilé apẹja ò jìnnà síbi tí wọ́n dúró sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, mo fi dá ọ lójú. Ṣùgbọ́n ó rí ìwé kékeré kan tó yọ lẹ́nu àpò obìnrin náà, ó sì rò ó pé, "Ó ń wá ohun tó máa kọ ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá rẹ̀ ni."

Ó ní, "Mo ti sọ fún ọ. Kò sí."

Nọ́ọ̀sì yọ ìwé náà, ó kọ nǹkan sí i. "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun." Ó wọ ọkọ̀.

"Mo ṣáà ti mọ̀!" Wolé-wolé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń padà lọ sílé.

Yìnyín yọ́ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́tà tó kọ sí ìlú ńlá ṣì wà nínú mọ́tò. Lọ́jọ́ kẹrin, ọjà ìtàdógún kún fọ́fọ́. Àwọn ará òdìkejì rọ́ wá, torí wọ́n ti gbọ́ láti ilé ìwòsàn tiwọn pé apá ìhín kò ní àìsàn. Wọ́n ra iṣu, wọ́n jẹ ẹ̀kọ, wọ́n bu omi mu ní etí èbúté. Wolé-wolé ń rìn láàárín wọn, ó sì ń kí wọn. Lẹ́yìn ọjà, ilé méje ni àìsàn náà tún wọ̀ ní àdúgbò èbúté. Ó ń da apakòkòrò títí ó fi tán. Ó ń kọ "inú rírun, inú rírun" sínú ìwé. Ó ṣí àpótí nígbà kan, ó fọwọ́ kan àwọn ìgò náà, wọ́n ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó pa á dé.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ọjà ló délé lọ́sàn-án tó bá Àwẹ̀ró lórí ẹní. Ó ti bì sínú abọ́ méjì. Ojú rẹ̀ ti jìn.

"Mo se omi o, ẹ̀gbọ́n mi," ló kọ́kọ́ sọ. "Ìyá ẹlẹ́ja ló ń ṣàìsàn tí mo lọ ń tọ́jú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tó ń ṣe é nìyẹn."

Wolé-wolé po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi, ó ń fi ṣíbí fún un. Ó ń bì í padà. Awọ ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ. Ọkùnrin yìí, tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni, gbé àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, ó sáré gba àárín ìlú kọjá, ó ń kígbe pé kí wọ́n fún òun ní ọkọ̀. Gbogbo ìlú rí i. Kò bìkítà mọ́.

Nọ́ọ̀sì pàdé wọn ní èbúté ọ̀hún. Kò béèrè ohun tó gbé wọn wá. Ó ní kí wọ́n tẹ́ Àwẹ̀ró sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá iṣan rẹ̀, ó fa àpò omi kan sí i. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wolé-wolé.

"Ọjọ́ wo ni èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Àná," ni wolé-wolé wí. Láníyonu, níbẹ̀ náà! Àbúrò rẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀, ó tún ní àná.

Obìnrin náà kò jiyàn. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi, kí n lè mọ ohun tí màá ṣe."

Ìgbà yẹn ni wolé-wolé sunkún. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba Àwẹ̀ró là, ẹ ṣe ohun tó bá wù yín fún èmi." Òun náà ló wá ń pe obìnrin náà ní "ẹ" báyìí.

Nọ́ọ̀sì wo àpò omi tó ń kán sí Àwẹ̀ró lára. Ó ní, "Èyí tí mo fà sí i yẹn ló gbẹ̀yìn nínú tiwa. Ó nílò bíi mẹ́fà sí i. Gbogbo ogójì yẹn ti lọ sókè odò lọ́jọ́ kejì tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín." Ó pe atukọ̀ méjì, ó ní kí wọ́n wa ọkọ̀ tẹ̀léra wọn lọ sí abúlé náà, kí wọ́n gba ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù wá. Ó jókòó ti Àwẹ̀ró, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń rọ omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Wolé-wolé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé kékeré yẹn wà ní ṣíṣí, èyí tó rò pé wọ́n fi ń ṣọ́ òun. Ó wò ó. Orúkọ ìlú àti abúlé ló wà níbẹ̀, àti iye àpò omi tí wọ́n máa fún oníkálukú. Níwájú orúkọ ìlú tirẹ̀, wọ́n kọ ogún sí i, wọ́n sì fagi lé e. Wọ́n wá fi Yorùbá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Kò sí àìsàn. Wolé-wolé ló sọ fún mi, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Ó kà á, ó tún un kà. Nínú gbogbo ohun tó ti rò pé obìnrin náà lè kọ nípa òun, kò rò ó rí pé ó lè kọ ohun tó fi hàn pé ó gba òun gbọ́.

Àwọn atukọ̀ dé pẹ̀lú àpò mẹ́sàn-án nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Àwẹ̀ró ti kú ní bíi wákàtí kan ṣáájú. Nọ́ọ̀sì gba àwọn àpò náà, ó nu ojú rẹ̀, ó sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn, torí àwọn ará ìlú rẹ̀ tó lọ ná ọjà lápá ìhín ti ń kún ilé ìwòsàn náà. Kò bú wolé-wolé. Ì bá sàn fún un kó bú u. Wolé-wolé gbé òkú àbúrò rẹ̀ sọdá, ó tẹ́ ẹ sí ojúde Baálẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú ìlú, láti ilé apẹja títí dé ìgò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó dáa. Ìwọ wá ńkọ́?

Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́ fún mi nígbà tí à ń jẹun, pé àìsàn yìí ti wọ ìlú mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, pé ọ̀gá yín sì ní kí ẹ má dárúkọ wọn, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ará ọ̀hún kọ́kọ́ sọ tiwọn ná. O ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń sọ ọ́. O ní wọn ò ṣeé fọkàn tán. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí o má fura sí wọn. Ka gbogbo ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ, bi wọ́n ní ìbéèrè títí yóò fi sú wọn, èmi ò ní bá ọ wí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi ọ́ pé níbo ni àìsàn wà lọ́dọ̀ yín, ẹnìkan yóò kọ ìdáhùn rẹ sílẹ̀, á sì gbà ọ́ gbọ́. Ohun tí o bá sọ ni wọn yóò fi pín oògùn. Èèyàn wà nínú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn tó jẹ́ pé wọ́n ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní báyìí tí à ń sọ̀rọ̀, wọn ò sì mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n fi ẹ̀mí wọn sí lẹ́nu.

Jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ àwọn ìlú náà. Sọ wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan níhìn-ín, kí o má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kólòlò níwájú wọn lọ́la.

Mò ń gbọ́ ọ.